Pàǹtí inú fọ́ọ̀mù: bí a ṣe lé e láì lé oníbàárà

Ẹ òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àǹtí mi kan wà l'Ógìdì, ní Ìjùmú, Ìpínlẹ̀ Kogi, tó ń hun aṣọ, èmi ni mo ṣe wẹ́ẹ́bùsáìtì fún un láti Kàbà níbí, mo wá fi fọ́ọ̀mù kékeré kan sí ìsàlẹ̀ pé kí ẹni tó bá fẹ́ ra aṣọ kọ orúkọ, ímeèlì, nọ́ńbà fóònù àti ohun tó ń wá síbẹ̀, kó tẹ bọ́tìnì, ó parí. Oṣù méjì àkọ́kọ́, èèyàn bíi mẹ́sàn-án ló kọ̀wé, gbogbo wọn lèèyàn gidi, inú wa ń dùn. Àfi bó ṣe di oṣù kẹta tí àǹtí pè mí láàárọ̀ kùtù, mi ò tíì rin ẹnu, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ni àwọn ará Rọ́ṣíà yìí? Ṣé aṣọ ni wọ́n fẹ́ rà àbí kí ni wọ́n ń wí?"

Mo ṣí ímeèlì. Mẹ́tàlélógójì, òru ọjọ́ kan ṣoṣo. Lẹ́tà Rọ́ṣíà lóríṣiríṣi, ọ̀kan lóun á gbé wa dé ojú ìwé àkọ́kọ́ lórí Google, ọ̀kan fẹ́ yá wa lówó, ọ̀kan ń ta oògùn okùnrin fún obìnrin tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ọ̀kan ní a jí fọ́tò òun. Àárín gbogbo pàǹtí yẹn ni ẹnì kan wà tó rọra ń béèrè pé èló ni ìró àti ìborùn pupa yẹn, díẹ̀ ló kù kí n pa á rẹ́ mọ́ wọn. Ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ohun tí mò ń lé: kí ọ̀rọ̀ ẹni kan ṣoṣo yẹn má sọnù. Spam fúnra ẹ̀, ìyẹn pàǹtí ìwé tí a ò béèrè fún yìí, ò ní tán láyé, ẹ má wulẹ̀ fi ìyẹn da ara yín láàmú.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ẹni tó ń ṣe é, torí àǹtí ti ń bi mí bóyá ọ̀tá ilé ni àbí t'ìta. Kò sọ́tàá kankan níbẹ̀. Ẹ̀rọ ni, bọ́ọ̀tì là ń pè é, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ti wẹ́ẹ́bùsáìtì kan bọ́ sí òmíràn tọ̀sán tòru, kò mọ̀ bóyá aṣọ lẹ ń tà tàbí kaṣú, ibi tó bá ti rí àpótí tí wọ́n ń kọ nǹkan sí àti bọ́tìnì tí wọ́n ń tẹ̀, á kọ̀wé kún gbogbo ẹ̀, á tẹ̀ ẹ́, ó tún ti di ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Kò náni lówó gidi. Tó bá ju mílíọ̀nù kan síta tó rí ẹni mẹ́ta péré tó tẹ lìǹkì, èrè ti dé nìyẹn. Àwọn mìíràn rò pé ohun tí wọ́n bá kọ síbẹ̀ á hàn síta kí Google lè rí lìǹkì wọn, wọn ò mọ̀ pé inú ímeèlì ìyá oníyàá l'Ógìdì ló ń lọ. Ẹ̀yà kejì lèèyàn gidi, àwọn tó jókòó tí wọ́n ń da ọ̀rọ̀ kan náà sínú fọ́ọ̀mù kan tẹ̀lé òmíràn, pàápàá àwọn tó ń ta SEO, ìyẹn iṣẹ́ gbígbé wẹ́ẹ́bùsáìtì sókè lórí Google. Ẹ fi ẹ̀yà méjèèjì yìí sọ́kàn, torí ohun tó ń mú bọ́ọ̀tì kì í mú èèyàn.

Àṣà ọ̀hún ò sì jẹ́ tuntun o. Lọ́dún 1978, nígbà tí Kàbà ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara, tó ku ọdún mẹ́tàlá kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀, ni ọkùnrin kan l'Ámẹ́ríkà tó ń jẹ́ Gary Thuerk fi ìpolówó kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí bíi 400 èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní ARPANET. Wọ́n bínú sí i, wọ́n bá a wí, ṣùgbọ́n ó rọ́jà tà. Ẹ rí i, níbi tí wọ́n ti rọ́jà tà yẹn ni gbogbo wàhálà ti wá.

Ó dáa. Kí ẹ tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù yín rárá, ẹ má fèsì, ẹ ò gbọ́dọ̀ bú wọn pàápàá (mo ti bú wọn rí, mo lo gbogbo èdè Ìjùmú tí mo mọ̀), torí ímeèlì tí wọ́n kọ síbẹ̀, ti aláìmọwọ́mẹsẹ̀ kan ni lọ́pọ̀ ìgbà, òun lẹ máa bú. Ẹ má tẹ lìǹkì kankan. Èyí tó ń sọ pé ẹ jí fọ́tò òun, ẹ ṣọ́ra fún ìyẹn gan-an. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, Microsoft kéde pé àwọn kan ń gba inú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ fi lẹ́tà halẹ̀mọ́ni ránṣẹ́ sáwọn ilé-iṣẹ́, wọ́n á ní fọ́tò àwọn lẹ lò láìgbàṣẹ, ẹ̀rí rèé lórí lìǹkì Google yìí, àwọn á gbé yín lọ kóòtù, èèyàn á tẹ lìǹkì tìbẹ̀rù tìbẹ̀rù, á sì fọwọ́ ara ẹ̀ gbé IcedID wọlé, fáírọ́ọ̀sì tó ń jí ọ̀rọ̀ ìwọlé báǹkì kó. Àǹtí fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ tiwa. Ó ní àlejò kan láti Èkó ló ya fọ́tò òfì yẹn fóun lóòótọ́, bóyá òun ló ń bínú. Ẹ rí bó ṣe ń mú èèyàn.

Èyí tó wá lágbára jù, tí mi ò rẹ́ni sọ fún mi: ẹ má tẹ "Report spam" lórí wọn nínú ímeèlì yín. Mo mọ̀ pé ọwọ́ máa ń yún èèyàn, èmi náà tẹ̀ ẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, àràárọ̀, bí ẹni ń ṣa kòkòrò lára ẹ̀fọ́. Ohun tí mi ò rò ni pé lójú ẹ̀rọ ímeèlì, ará Rọ́ṣíà kọ́ ló fi nǹkan yẹn ránṣẹ́. Fọ́ọ̀mù wa ló gba ọ̀rọ̀, fọ́ọ̀mù wa ló sọ ọ́ di ímeèlì, àdírẹ́sì tiwa ló wà lórí ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti tẹ Report spam, ara wa ni mò ń fẹjọ́ ẹ̀ sùn. Nígbà tó yá ẹ̀rọ gbà mí gbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo ohun tó bá ti ibi fọ́ọ̀mù wá dà sínú àpótí spam, tòótọ́ tirọ́.

Inú àpótí yẹn ni mo ti rí ìwé obìnrin kan láti Houston lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Ọmọ Ìyàrà ni, aṣọ ẹbí ọgbọ̀n ló fẹ́ fún ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀. Mo pè é kíákíá. Ó ní, "Ẹ má bínú, a ti rà á n'Ísẹ́yìn." Ẹ̀bi mi ni, kò sẹ́ni tí mo lè dà á lé lórí, ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò fi lè sọ fún àǹtí.

Torí náà, ẹ kàn pa pàǹtí rẹ́ lásán, ẹ má fẹjọ́ ẹ̀ sùn. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ímeèlì tó ń ti fọ́ọ̀mù bọ̀ ní àkòrí kan náà, tiwa ni "Aṣọ Ògìdì" níwájú gbogbo ẹ̀, kí ẹ wá ṣe filter, ìyẹn òfin tí ímeèlì á máa tẹ̀ lé, nínú ímeèlì yín pé ohunkóhun tó bá ní àkòrí yìí kò gbọ́dọ̀ wọ spam, Gmail ní in, "Never send it to Spam" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ ti tẹ̀ ẹ́ bíi tèmi, ẹ padà lọ sínú àpótí spam, ẹ yọ àwọn tòótọ́ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ "Not spam", díẹ̀díẹ̀ ẹ̀rọ á tún gbà yín gbọ́.

Nígbà tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ "From" sí nínú sẹ́tíǹsì fọ́ọ̀mù yín. Àwọn fọ́ọ̀mù kan máa ń fi ímeèlì oníbàárà síbẹ̀, kó lè dà bí ẹni pé òun fúnra ẹ̀ ló fi í ránṣẹ́. Kò dáa. Ó dà bí ìgbà tí mo bá kọ lẹ́tà ní Kàbà tí mo wá buwọ́ lù ú lórúkọ ẹni tó wà n'Íbàdàn: ẹ̀rọ tó bá gbà á á bi ilé oníbàárà pé ṣé ọ̀dọ̀ yín ni eléyìí ti wá, wọ́n á láwọn ò mọ̀ ọ́n, ó di spam. SPF ni wọ́n ń pe àyẹ̀wò yẹn. Àdírẹ́sì wẹ́ẹ́bùsáìtì tiyín ni kẹ́ ẹ fi sí From, kẹ́ ẹ fi ti oníbàárà sí "Reply-To", ẹ bá tẹ reply ọ̀dọ̀ ẹ̀ náà ló ń lọ.

Ó wá ku ẹ̀bìtì tá a máa dẹ fún bọ́ọ̀tì. Èyí tí mo fẹ́ràn jù kò náni ní kọ́bọ̀, kì í sì í dí oníbàárà lọ́wọ́: ẹ fi àpótí kan kún fọ́ọ̀mù yín tí ojú èèyàn ò lè rí. Bọ́ọ̀tì ò lójú, kọ́ọ̀dù ló ń kà, tó bá ti rí àpótí ó gbọ́dọ̀ kọ nǹkan sí i ni, ìwà ẹ̀ nìyẹn. Èèyàn ò rí i, kò ní kọ nǹkan kan. Fọ́ọ̀mù tó bá wá dé tí ọ̀rọ̀ wà nínú àpótí yẹn, ẹ ti mọ ẹni tó ni ín. Honeypot lorúkọ ẹ̀, ọ̀pọ̀ plugin fọ́ọ̀mù (ètò kékeré tí wọ́n ń fi kún wẹ́ẹ́bùsáìtì) ló ti ní in nínú tàbí tí wọ́n ní ohun tẹ́ ẹ lè fi kún un, ẹ kàn máa tàn án ni. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń fọwọ́ kọ kọ́ọ̀dù yín, CSS, kọ́ọ̀dù tó ń sọ bí ojú ìwé ṣe máa rí, ni kẹ́ ẹ fi tì í kúrò lójú ìwé, ẹ má lo type="hidden" torí àwọn bọ́ọ̀tì mọ ìyẹn, wọ́n máa ń fò ó. Kẹ́ ẹ sì kọ "ẹ má kọ nǹkan síbí" sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, torí àwọn tí kò ríran dáadáa tí fóònù ń bá ka ojú ìwé, wọ́n lè gbọ́ nípa àpótí náà.

Ẹ gbọ́ àṣìṣe tí mo ṣe níbẹ̀ o. Mo sọ àpótí ọ̀hún ní "address2", mo rò pé mo gbọ́n, bọ́ọ̀tì á rò pé àdírẹ́sì ni. Bọ́ọ̀tì kó sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n fóònù àwọn èèyàn ti mọ àdírẹ́sì ilé wọn, bí wọ́n bá ti ń kọ orúkọ báyìí fóònù á bá wọn kọ ìyókù sí i, títí kan àpótí tí wọn ò rí. Ẹ̀bìtì mi wá ń pa adìyẹ ilé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìsánlú ló pè mí, "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ̀wé sí yín, ẹ ò dá mi lóhùn, ṣé ẹ ti dolówó ni?" Mo yí orúkọ àpótí náà padà sí ohun tí kò nítumọ̀, mo fi autocomplete="off" àti tabindex="-1" sí i kí fóònù má bàa fọwọ́ kàn án kí ẹni tó ń lo kíbọ́ọ̀dù náà má sì bọ́ sínú ẹ̀. Láti bíi ogójì lójúmọ́, ó já sí bíi mẹ́wàá.

Èyí tó tún ràn wá lọ́wọ́ ni aago. Ẹni tó fẹ́ ra aṣọ, kó tó kọ orúkọ kó tó ronú ohun tó fẹ́ sọ, ìṣẹ́jú kan ti lọ. Bọ́ọ̀tì kì í pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ẹ jẹ́ kí fọ́ọ̀mù máa ka àkókò, kó má gba ohunkóhun tó bá dé kí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin tó pé. Ẹ má fi í sí ogún o, ẹni tó ti kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ síbòmíì tó kàn wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ máa ń yá.

Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè. Àwọn èèyàn máa ń fi "3 + 4 jẹ́ mélòó" síbẹ̀, bọ́ọ̀tì òde òní ti mọ ìṣirò jù yín lọ. Èmi kọ́kọ́ fi ti ilé wa síbẹ̀: "Kí la fi ń gún iyán?" Mo ní ta ni ò mọ ìyẹn. Háà. Ẹnì kan kọ "odó", ẹnì kan kọ "odo", ẹnì kan kọ "ODO ATI OMO ODO", ọmọ ẹnì kan tí wọ́n bí sí Manchester kọ "blender", ẹ̀rọ mi sì ń dá gbogbo wọn padà àfi ẹni tó fi àmì sórí odó dáadáa. Oyinbo kan tó wá wo aṣọ l'Ógìdì, torí àwọn àlejò máa ń wá síbẹ̀ nítorí iṣẹ́ Ìyá Nike Okundaye, gbajúmọ̀ aláàdìrẹ yẹn, kò tilẹ̀ mọ ohun tí mò ń bi í. Mo pa á rẹ́. Èyí tó wà níbẹ̀ báyìí ni "Ìlú wo la ti ń hun aṣọ wọ̀nyí?" ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, ìdáhùn ẹ̀ wà gàdàgbà lókè ojú ìwé, ohunkóhun tí "ogidi" bá wà nínú ẹ̀ la gbà, lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré, Ogidi-Ijumu, pẹ̀lú àmì, láìsí àmì, kódà tí àlàfo bá wà lẹ́yìn ẹ̀. Bọ́ọ̀tì tó ń ṣe ẹgbẹ̀rún wẹ́ẹ́bùsáìtì lálẹ́ kan ò ráyè wá ka ìtàn Ògìdì.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò lo àwọn àwòrán tí wọ́n máa ń ní kéèyàn tẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní CAPTCHA. Àwọn olùwádìí ní yunifásítì Carnegie Mellon l'Ámẹ́ríkà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, Google sì ra reCAPTCHA lọ́dún 2009. Mo lò ó rí. Ó ní kí àǹtí tẹ gbogbo àwòrán tó ní páìpù panápaná nínú. Ẹ jọ̀ọ́, ibo lèèyàn ti ń rí páìpù panápaná l'Ógìdì? Ó tẹ ìkòkò pupa kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó tẹ bọ́ọ̀sì, wọ́n ní kò yege. Èyí tó tún burú ni pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa lápá ibí, tó bá ti ku igi kan, àwọn àwòrán yẹn ò ní jáde tán kí dátà tó tán. Ẹni tó fẹ́ ra aṣọ á kàn fi í sílẹ̀ ni. Àwọn tó ń fi spam ṣòwò sì ń sanwó táṣẹ́rẹ́ fáwọn èèyàn tó ń bá wọn tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ̀bìtì ò bá peku mọ́, ẹ jẹ́ kó fẹyìn fẹ́lẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo irú ẹ̀ dandan, ẹ wá èyí tí kì í yọ èèyàn lẹ́nu: reCAPTCHA v3 tó jáde ní 2018 kì í fi àwòrán hàn, ó kàn máa ń wo ìṣe èèyàn tó sì ń fún un ní máàkì láti 0.0 dé 1.0, Turnstile ti Cloudflare tó dé ní 2022 náà jọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá lo oní-máàkì, ẹ má fi ìdínà sókè jù, kí ẹni tó ń lo fóònù àtijọ́ má lọ di olè lójú ẹ̀.

Ẹni tó bá ń lo WordPress, ètò tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń kọ́ wẹ́ẹ́bùsáìtì, tún ní Akismet, tó ti wà láti 2005, ó ń fi ọ̀rọ̀ tó dé wé ohun tó ti rí lórí àìmọye wẹ́ẹ́bùsáìtì, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi wẹ́ẹ́bùsáìtì ẹ̀ ṣòwò gbọ́dọ̀ sanwó fún un. A ò san án. Ìwé ọ̀rọ̀ èèwọ̀ la kọ fúnra wa, mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ níbí dáadáa torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Ohun méjì ló ṣiṣẹ́ fún wa jù: a ò gba lẹ́tà Rọ́ṣíà kankan, torí kò sí oníbàárà wa tó ń fi í kọ̀wé, a ò sì gba ọ̀rọ̀ tó bá ní lìǹkì ju ẹyọ kan lọ. Lẹ́tà Rọ́ṣíà nìkan, ìdajì pàǹtí tó kù ló bá a lọ.

Ẹyọ ọ̀rọ̀ ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Mo fi orúkọ oògùn okùnrin yẹn, "cialis", sínú ìwé èèwọ̀, mo fi "sex" náà sí i, mo ní ó tán. Ṣé ẹ mọ̀ pé irú ìwé èèwọ̀ báyìí, ti WordPress pàápàá, máa ń wá ọ̀rọ̀ náà dénú ikùn ọ̀rọ̀ mìíràn? Ọjọ́ kan nọ́ọ̀sì kan kọ̀wé pé òun ń ṣiṣẹ́ ní specialist hospital, òun fẹ́ aṣọ fún àyájọ́ ẹgbẹ́ àwọn. Ẹ wo "specialist" dáadáa, ẹ wo àárín ẹ̀. Cialis jókòó síbẹ̀ rẹ́rẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni ọmọ wa kan tó ń gbé ní Essex, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ àdírẹ́sì ẹ̀, "sex" wà níparí ìlú tó ń gbé. Àwọn méjèèjì ni ìwé èèwọ̀ mi dá dúró. Láti ìgbà yẹn, odindi gbólóhùn ni mò ń kọ síbẹ̀, bíi "first page of Google", tí oníbàárà kankan ò ní fẹnu sọ.

Ẹ rántí ẹ̀yà kejì, àwọn èèyàn gidi tó ń jókòó kọ ọ́. Ẹ̀bìtì ò mú wọn, wọn kì í kọ nǹkan sínú àpótí tó pamọ́, wọ́n ń ka ìbéèrè, wọ́n mọ Ògìdì. Mi ò bá wọn jà. Ọ̀rọ̀ wọn kì í pọ̀, méjì mẹ́ta lọ́sẹ̀, "mo wo wẹ́ẹ́bùsáìtì yín mo rí àṣìṣe púpọ̀", ẹ pa á rẹ́, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.

Ohun tí ìwé èèwọ̀ tàbí ẹ̀bìtì bá sì mú, ẹ má jẹ́ kó pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kó o síbì kan. Àwọn tó ń lo Contact Form 7, plugin fọ́ọ̀mù kan fún WordPress, lè fi plugin tó ń jẹ́ Flamingo kún un, ẹ̀dà gbogbo ohun tó dé á wà nínú wẹ́ẹ́bùsáìtì fúnra ẹ̀, kódà bí ímeèlì bá gbé e mì. Sátidé-Sátidé ni mò ń wo tiwa, kì í gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ibẹ̀ ni mo ti rí nọ́ọ̀sì yẹn. Tẹ́ ẹ bá ti wò ó tán kẹ́ ẹ da ìyókù nù, torí orúkọ àti nọ́ńbà èèyàn ló wà níbẹ̀, òfin ààbò dátà tí wọ́n buwọ́ lù ní Nàìjíríà lọ́dún 2023 ò fẹ́ kéèyàn máa tọ́jú nǹkan bẹ́ẹ̀ láìnídìí.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ìdáhùn aláìdúró. Fọ́ọ̀mù kan máa ń fi ẹ̀dà ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ padà sí ẹni tó kọ ọ́, "a ti rí ìwé yín, ohun tí ẹ kọ rèé". Ó dà bí ọ̀wọ̀, tí àǹtí sì fẹ́ràn ẹ̀. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀tì kì í kọ ímeèlì ara ẹ̀, ti ẹlòmíì ló ń kọ, á wá kọ ìpolówó kálukú sí ibi ọ̀rọ̀, fọ́ọ̀mù yín á fọwọ́ ara ẹ̀ gbé spam yẹn lọ bá ẹni ẹlẹ́ni, lórúkọ yín. Bí wọ́n ṣe ti ímeèlì wa pa fún ọjọ́ méjì nìyẹn, ilé-iṣẹ́ tí wẹ́ẹ́bùsáìtì wà lọ́dọ̀ wọn ní àwa là ń da ìlú láàmú, wọn ò sì parọ́ mọ́ wa. Ẹ pa á. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà, ẹ jẹ́ kó hàn lójú ìwé lẹ́yìn tó bá tẹ bọ́tìnì, ó tó. Bákan náà, ẹ má lọ da kọ́ọ̀dù fọ́ọ̀mù àtijọ́ tí ọ̀rẹ́ fún yín sínú wẹ́ẹ́bùsáìtì, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í yẹ àpótí orúkọ àti ímeèlì wò bóyá ẹnì kan ti ki ìlà tuntun bọ̀ ọ́, ìlà yẹn ni wọ́n fi ń fi àdírẹ́sì ọgọ́rùn-ún èèyàn kún ímeèlì yín lẹ́yìn yín.

Àwọn kan á ní, ṣebí ẹ kàn yọ fọ́ọ̀mù kúrò kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà WhatsApp síbẹ̀. Àǹtí náà sọ ọ́. A ti ní nọ́ńbà níbẹ̀, ó dáa, ọ̀pọ̀ ará ilé ló ń gba ibẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó wà ní gbangba náà ní olè tiẹ̀, kò sì sí bíi ti 2442 téèyàn ń fi STOP ránṣẹ́ sí láti dá ìpolówó àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù dúró, ẹni tó bá ti rí nọ́ńbà yín lórí wẹ́ẹ́bùsáìtì, ó ti rí i nìyẹn. Àwọn tó ń ra aṣọ ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀kan sì máa ń fẹ́ kọ̀wé tó gún régé, kí wọ́n kọ ìwọ̀n, kí wọ́n kọ àwọ̀, kí wọ́n kọ ọjọ́. Fọ́ọ̀mù dúró.

Bẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tán, ẹ yá fóònù ẹlòmíì tí kò wọ wẹ́ẹ́bùsáìtì yín rí, kẹ́ ẹ kọ̀wé sí ara yín bí oníbàárà, kẹ́ ẹ wo ibi tó balẹ̀ sí, ímeèlì ni àbí spam àbí kò tiẹ̀ dé rárá. Oṣooṣù ni mo ń ṣe é. Ti oṣù yìí, fóònù obìnrin tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì àǹtí ni mo yá, gíláàsì ẹ̀ ti fọ́ láti igun dé igun, igi nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì. Mo kọ "Ẹ òkun o, mo fẹ́ mọ iye ìró kan", mo kọ Ogidi síbi ìbéèrè, mo tẹ̀ ẹ́. Kí n tó dá fóònù padà fún un, àǹtí ti ń pariwo láti inú ilé pé oníbàárà dé.